Ìdánwò ìṣirò àti físíìsì fún ẹni tó fẹ́ wa bàálù: ohun tí ojú mi rí

Òkun o, àbúrò mi. O ní wọ́n ti pè ọ́ fún ìdánwò tí wọ́n fi ń ṣa àwọn tí yóò kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfurufú, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù, o gba B3 nínú ìṣirò àti C5 nínú físíìsì, o sì ń ka calculus lóru nílé yín ní Ìsánlú. O bèèrè bóyá ìyẹn á tó. Jọ̀wọ́, gbé calculus sílẹ̀ lónìí. Ìṣirò tó lé mi padà sílé nígbà àkọ́kọ́, inú ìwé JSS ló wà.

A1 ni mo gbà nínú ìṣirò ní WAEC, ọkàn mi sì balẹ̀ nígbà tí mo wọlé ìdánwò náà. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gba kákúlétọ̀, wọ́n fún wa ní bébà kan àti pẹ́ńsù. Ìbéèrè kẹta ni pé bàálù kan ń sáré 480 knot, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò fi rin máìlì òkun 52? Mo mọ ọ̀nà rẹ̀. Mo fi 480 pín 52, mo fẹ́ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, mo ń pín in gbọọrọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kí n tó rí 6.5, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ṣí ojú ewé kejì. Mi ò dé ìdajì àwọn ìbéèrè náà tí wọ́n fi ní ká gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

Knot kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan. Wákàtí sì jẹ́ ọgọ́ta ìṣẹ́jú, nítorí náà 480 knot jẹ́ máìlì mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan. Mẹ́jọ nínú 52, ó ti tán. 120 knot jẹ́ méjì ní ìṣẹ́jú kan, 90 jẹ́ ọ̀kan ààbọ̀. Ká ní mo ti mọ èyí ni, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò ní kọjá lórí ìbéèrè yẹn.

Mo padà sí Kàbà, inú mi bàjẹ́ gan-an. Ìgbà kaṣú ni, ìyá mi sì ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Mo jókòó tì í lórí àpò. Àgbẹ̀ kan gbé kílò 37 wá, owó kílò kan jẹ́ 850 náírà. Mo ṣì ń wá fóònù mi nígbà tí ìyá mi dáhùn: "Ogójì kílò jẹ́ 34,000. Yọ owó kílò mẹ́ta, 2,550. Ó ku 31,450." Kò wo ibì kankan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo ní láti kọ́, mo sì ń bá a ṣírò títí kaṣú fi tán lọ́jà.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Láàárọ̀ kùtù, ìbéèrè ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú 15, agogo wà níwájú mi. Ní alẹ́, bẹ́ẹ̀ náà. Mi ò fọwọ́ kan kákúlétọ̀, ì báà ṣe owó káàdì ni mo fẹ́ ṣírò. Mọ táímù tébù títí dé 15 lórí, mọ̀ pé ìdá mẹ́jọ jẹ́ 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún, mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan ní méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, yíyí ìwọ̀n padà: máìlì òkun kan jẹ́ 1.852 kìlómítà, mítà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3.28, kílò kan jẹ́ pọ́ùn 2.2.

Má fojú kékeré wo ìwọ̀n o. Ní 1983, Boeing 767 kan ní Kánádà jẹ epo tán lókè torí pé pọ́ùn ni wọ́n fi ṣírò ohun tó yẹ kó jẹ́ kílò. Kílò 22,300 ni wọ́n nílò, pọ́ùn 22,300 ni wọ́n ní, kò tó ìdajì. Awakọ̀ náà fò ó láìsí ẹ́ńjìnnì títí ó fi balẹ̀ ní Gimli, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Bí o bá kọ ìdáhùn tí o kò kọ ìwọ̀n rẹ̀, pè é ní àṣìṣe.

Físíìsì, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá o lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kànga wà lẹ́yìn ilé wa. Àbúrò mi ju òkúta sí i, mo ń fi fóònù ka àkókò: ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ni ìró omi tó dé. Ohun tó bá ń jábọ́ ń fi nǹkan bí mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà fọ́múlà jíjìn rẹ̀ ni ìdajì mẹ́wàá, lọ́nà 1.5, lọ́nà 1.5: mítà 11 àti díẹ̀. A fa okùn ìfami sókè, a wọ̀n ọ́n, ó dín díẹ̀ ní 11. Mo ronú lé e títí mo fi rí i pé ìró náà lo àkókò kó tó gòkè wá, nítorí nǹkan bí mítà 340 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ìgbà náà, fọ́múlà yẹn kò sá mọ́ mi lórí rí. Bí ọ̀kadà bá ń ya kọ́nà, rántí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá tó ń fà á sínú kọ́nà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Òfin Ohm lórí iná mànàmáná, kẹ̀kẹ́ eléyín, ọ̀pá tí a fi ń gbé ohun wúwo (lever), ka wọn, má pẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n á tún bi ọ́ lẹ́nu. Wọ́n bi mí ní ohun tó ń gbé bàálù dúró lókè, mo sì ka ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé: afẹ́fẹ́ tó gba òkè apá ní láti sáré kó lè bá ti ìsàlẹ̀ pàdé lẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó mú un ní dandan kí wọ́n pàdé, ti òkè tilẹ̀ ń ṣáájú débẹ̀. Apá ń darí afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń ti apá sókè. Òfin kẹta Newton nìyẹn. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ lókè apá sì kéré sí ti ìsàlẹ̀. Tún mọ ìdí tí bàálù fi ń sáré jìnnà kó tó gbéra nínú ooru oṣù kẹta: afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́.

Nígbà kejì tí mo ṣe ìdánwò náà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí àkókò pé tí mo fi parí ìṣirò. Gbogbo ìbéèrè tí mo ṣì láàárín ọdún yẹn wà nínú ìwé kan, mo kọ ibi tí mo ti ṣubú sí abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Kàbà. Bí o bá ń kọjá lọ sí Lọ́kọ́ja, yà gbà á. Màá sọ fún ìyá mi pé o ń bọ̀.