Kí ni ààlà láàárín ohun méjì, lórí ilẹ̀ àti nínú ọ̀rọ̀?

Ààlà ni ibi tí ohun kan parí sí tí òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí ilẹ̀ tàbí nínú ìwà.

Pèrègún ni wọ́n sábà ń gbìn sí ààlà oko nílẹ̀ Yorùbá: bí a bá gé igi rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, á hù, ewé rẹ̀ kì í sì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ bá wọ̀n máa ń ní òpó kọnkéré kékeré ní igun kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ara òpó gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ìwọnlẹ̀ mu. Ẹni tó hú òpó kò yí ààlà padà. Ìwé náà ni wọn yóò fi wá ojú rẹ̀. Odò ò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé gẹ́gẹ́ bí ààlà, torí ó lè yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ní ti ìwà, ẹni tó “kọjá ààyè rẹ̀” ti sọ tàbí ṣe ohun tí ipò rẹ̀ kò gbà. “Aláìláàlà” ni ohun tí kò lópin.