Èsì: Kí ló kan ojú kan ọkàn?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní màmá lọ gba awò ojú ní Ògbómọ̀ṣọ́, dókítà tan iná sí wọn lójú, ó wá ní kí wọ́n lọ yẹ ọkàn wò. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ o.

Nínú ẹyinjú lọ́hùn-ún, dókítà lè fojú rí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kedere láìfi abẹ kan ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ru tipẹ́, àwọn iṣan yẹn á fún, ara wọn á le. Níbi tí ọ̀kan bá ti gba orí èkejì kọjá, á tẹ̀ ẹ́ pa, bí ìgbà téèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ rọ́bà tí omi ń gbà kọjá. Tó bá wá le jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ro síta. Láti 1939 ni àwọn dókítà Keith, Wagener àti Barker ti pín ìbàjẹ́ inú ojú yìí sí ìpele 4. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ, ìyà kan náà ló sì ń jẹ wọ́n.

Ojú ni wọ́n fi mọ ti bàbá mi ní Sábó. Nǹkan kan ò dùn wọ́n, àṣé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti kọjá 140/90, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn.

Ojú nìkan ò tó fi dá ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀ ṣá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú màmá lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n wọn ìfúnpá, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ọkàn wò. Tí wọ́n bá fún wọn lóògùn, kí wọ́n má ṣe dá a dúró torí pé ara ti yá.