Hilux àbí Navara? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó ra píkọ́ọ̀pù dísù tí wọ́n ti lò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Gààrí àti pákí ni mò ń kó láti apá Ìsẹ́yìn wá sí Ìbàdàn, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo ń háyà látọjọ́ yìí, owó háyà sì ti fẹ́ jẹ èrè mi tán. Mo wá fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tèmi. Awakọ̀ mi ní dísù ni kí n rà torí agbára ẹ̀. Wọ́n ti fi méjì hàn mí: Hilux 3.0 D-4D ti 2009 tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí, àti Navara 2.5 ti 2011 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà Kùtọ́nù kó wọlé. Navara yẹn mọ́ tónítóní, owó ẹ̀ ò sì tó ti Hilux. Èwo ni kí n mú, kí ni kí n máa wò kí wọ́n má baà gbá mi?

Ìdáhùn: Màámi, ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, torí àwọn tó ń wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó tán ló pọ̀ jù.

Awakọ̀ yín ò parọ́, dísù lágbára lóòótọ́. Agbára tí Hilux 3.0 yẹn fi ń yí táyà tó 343 Nm, ti Hilux 2.7 tó ń lo pẹtiróòlù ò sì ju bíi 240 lọ, bẹ́ẹ̀ dísù kì í dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké kó tó gbé ẹrù gòkè, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń mú agbára tiẹ̀ jáde. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù lẹ ń kó ẹrù, 2.7 yẹn ti tó yín jàre, kò sí mẹkáníìkì lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn tí ò mọ̀ ọ́n tú kó sì mọ̀ ọ́n tò. Tó bá jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, tí ẹrù sì máa ń kún un dé ẹnu, ẹ ra dísù. Ẹ má sì rà á torí pé ẹ rò pé epo ẹ̀ pọ́ọ́kú o, ìgbà yẹn ti lọ, látìgbà tí lítà kan ti wọ ẹgbẹ̀rún náírà ni gbogbo wa ti mọ̀. Èrè tó kù níbẹ̀ ni pé lítà kan ń gbé e jìnnà ju ti pẹtiróòlù lọ, ẹrù ò sì tètè sú u.

Ohun tó máa ń pa dísù ayé ìsinsìnyí ni epo tó ń mu, ìyẹn ni mo máa ń tọpinpin kí n tó wo orúkọ ọkọ̀ tàbí ọdún ẹ̀. Àwọn Hilux àtijọ́ tó ń lo ẹ́ńjìnnì 2L, 3L àti 5L, ẹ lè bu dísù tí ò mọ́ fún un, á máa jẹ ẹ́ lọ. Àwọn tuntun bíi méjì tí wọ́n fi hàn yín yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní common rail, ò gba ìyẹn. Pọ́ǹpù ẹ̀ ń ti epo pẹ̀lú agbára tó ju 1,000 bar lọ, bẹ́ẹ̀ táyà píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí dáadáa ò ju bíi 3 bar lọ, ihò tí epo sì ń gbà jáde lẹ́nu ínjẹ́kítọ̀, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní nọ́sù, kéré débi pé omi díẹ̀ tàbí ìdọ̀tí tójú ò rí lè bà á jẹ́. Dísù yìí kan náà ló tún ń ṣe bí òróró fún pọ́ǹpù, tí wọ́n bá wá lọ po kẹrosíìnì mọ́ ọn, irin á máa jẹ irin nínú ẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, ọjọ́ tó máa kọ̀ ni ẹ máa gbọ́ iye nọ́sù mẹ́rin, ara yín á bù máṣọ.

Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹni tó ni Hilux yẹn ni pé ibo ló ti ń ra dísù, ta ló sì ń wà á. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní táǹkì tiẹ̀, tí wọ́n ń kọ gbogbo sáfíìsì ẹ̀ sínú ìwé, mo lè rà á kódà kó ti rin 250,000 kílómítà. Ọkọ̀ ìjọba tí wọ́n bọ́ọ̀dù, ìyẹn èyí tí wọ́n ti lò tán tí wọ́n wá kó jáde tà, ẹ ṣọ́ra fún un dáadáa o, owó ẹ̀ lè dùn lóòótọ́, àmọ́ awakọ̀ márùn-ún mẹ́fà lè ti wà á, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó kà á sí tiẹ̀. Ẹnu lásán ò tó ṣá, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín tú ìdí fílítà dísù, kó gba díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ sínú ike omi tó mọ́ gaara, kó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi á sùn sísàlẹ̀, ìpẹtà náà á hàn, kẹrosíìnì sì ní òórùn tiẹ̀ tẹ́yin gan-an mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ kùtùkùtù, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún un látalẹ́ àná pé kó má tan án kẹ́ ẹ tó dé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ sílé yín, ó nídìí tí wọ́n fi tètè gbóná ẹ̀. Ṣé ẹ rí i, dísù ò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù, atẹ́gùn ló ń fún pọ̀ ní bíi ìlọ́po mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún títí tó fi máa gbóná débi tí epo á fi gbiná fúnra ẹ̀. Tí kọ́ńpírẹ́ṣàn bá ti lọ sílẹ̀ tàbí tí nọ́sù ń jò, ìgbà tó bá tutù ló máa tú àṣírí ara ẹ̀, tó bá ti gbóná tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí iná tó dà bíi wáyà tí wọ́n ká yẹn kú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ tó wá tan án. Ó yẹ kó gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Tó bá ń yí ṣáá tí ò gbà, tó wá gbà tán tó ń kan gbàgbàgbà, tó ń tú èéfín funfun tó ń ta ni lójú, epo tí ò jóná nìyẹn, kọ́ńpírẹ́ṣàn tàbí nọ́sù ni. Èéfín tó ní àwọ̀ bíi aró, ọ́ìlì ló ń jó, ó lè jẹ́ tábò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì, ó sì lè jẹ́ ríìngì píísítìnì. Èyí tó dúdú díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lójijì ò burú jù, ó lè jẹ́ fílítà atẹ́gùn ló dí, àmọ́ tó bá ń ṣú bo ẹni tó wà lẹ́yìn tí ò dáwọ́ dúró, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Kó ṣì wà níná bẹ́ẹ̀, ẹ tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kẹ́ ẹ kàn dojú ẹ̀ dé lé ihò náà láì lọ́ ọ. Tó bá ń gbọ̀n díẹ̀, kò sí wàhálà. Tó bá ń ta á dànù, tí èéfín ń tú jáde níbẹ̀ fùú, ẹ́ńjìnnì yẹn ti gbó nínú, ẹ má jókòó dúnàádúrà. Ẹ fa ìwọ̀n ọ́ìlì wò náà. Ọ́ìlì dísù kì í pẹ́ dúdú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyẹn dẹ́rù bà yín, àní tó bá mọ́ jù, èmi á fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi sáré pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà á. Tó bá ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́. Tó bá kọjá ojú ìlà, tó ń rùn dísù, nọ́sù kan ti ń da epo sínú ẹ̀. Rédíétọ̀, ìgbà tó bá tutù lẹ máa ń ṣí i o, kẹ́ ẹ má lọ fi omi gbígbóná bó ara yín, tẹ́ ẹ bá sì tan án tẹ́ ẹ rí i tó ń hó kúkú, tí họ́ọ̀sì ẹ̀ le gbagidi kó tó gbóná rárá, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Ẹ wá kó èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ wà á gun òkè Mápó, kẹ́ ẹ máa wo ìgbóná ẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ohùn tábò.

Ó ku ti Hilux 3.0 fúnra ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1KD ló wà nínú ẹ̀, ó lágbára, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ àìsàn tiẹ̀ wà. Wọ́ṣà kékeré tó wà nídìí nọ́sù máa ń jò, èéfín á wá máa wọnú ọ́ìlì, ìdọ̀tí dúdú á gbá jọ, á lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè, ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ tán. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní dé bẹ́ẹ̀ tí píísítìnì ẹ̀ á fi là. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti pààrọ̀ wọ́ṣà yẹn rí, ẹ sì ní kí ẹni tó ní sìkánà wo bí nọ́sù kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe, ìyẹn ò gbówó púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Bẹ́líìtì ló ń lò láti mú àwọn nǹkan inú ẹ́ńjìnnì yí pọ̀ lásìkò, wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀ ní 150,000 kílómítà níbi tó pọ̀, àmọ́ pẹ̀lú eruku àti ooru tiwa, 100,000 lèmi máa ń sọ fún oníbàárà. Tẹ́ ẹ bá rí Hilux 2.5, tó ń lo 2KD, tí ara ẹ̀ le, òun ni mo máa mú ṣáájú 3.0, kò yára tó o, àmọ́ gààrí ò sáré lọ síbì kankan.

Navara yẹn ńkọ́? Mímọ́ tó mọ́ yẹn ò wú mi lórí. Ṣéènì ló ń lò dípò bẹ́líìtì, èyí tó wà lókè nínú ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń gùn sí i lára àwọn kan, ẹ tẹ́tí sí i láàárọ̀ bóyá ẹ máa gbọ́ ohun tó ń ha tàbí tó ń mì ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ Yúróòpù ló ti wá, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà òtútù, ẹ wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, kẹ́ ẹ máa kan ṣáásì látìdí ibi tí àwọn èèyàn ń jókòó lọ sẹ́yìn. Ṣáásì Navara irú ọdún yẹn ti jẹrà ṣẹ́ sí méjì lára ọ̀pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dà dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sábẹ́ ló sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló ti wá, apá ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gé dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn kan tún ní DPF nínú sálẹ́ńsà, ìyẹn asẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí dúdú inú èéfín, dísù Yúróòpù tí wọ́n ṣe é fún ò gbọdọ̀ ní sọ́fọ́ tó ju 10 ppm lọ, ìyẹn mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan, àjọ ECOWAS gan-an 50 ppm ló ní kí àwọn tó ń kó epo wọlé má kọjá láti 2021, kí wọ́n sì tó po tiwọn mọ́ ọn ní títì lèyí. Ó máa dí, ẹ máa wá ẹni tó máa gé e dànù, ìyẹn wàhálà mìíràn.

Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì náà. Hilux tí wọ́n ṣe ní South Africa, AHT ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ti Thailand ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MR0, Navara tí wọ́n ṣe ní Sípéènì sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VSK. Kí nọ́ńbà tó wà lára irin bá ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, kí ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí má ní ojú àpá pé wọ́n jó o. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé Hilux dísù òun ti Amẹ́ríkà wá, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, Toyota kì í ta Hilux níbẹ̀, Tacoma ni wọ́n ń tà, pẹtiróòlù ló sì ń mu.

Nínú méjèèjì, Hilux ni mo máa lọ wò, tó bá yege láàárọ̀ yẹn. Tí ò bá yege, ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ kẹ́ ẹ ṣì máa háyà lọ ná. Ẹ mú owó sọ́tọ̀ fún bẹ́líìtì, fílítà dísù, ọ́ìlì àti wọ́ṣà nọ́sù, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san, torí kò sí èyí tó lè dúró dé oṣù tó ń bọ̀. Nọ́sù, ẹ má ra tòkunbọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ò lè fi í sórí ẹ̀rọ kó yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú yín, ì báà jẹ́ ní Ládípọ̀ tàbí ní Àgodi Gate níbí. Kẹ́ ẹ tó yọwó, ẹ ya fídíò bó ṣe ń tanná láàárọ̀, kí èéfín ẹ̀ hàn dáadáa, kí ohùn ẹ́ńjìnnì náà sì jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n gbọ́ ọ.