Ṣéènì tó dẹ̀, bíréèkì tí kò mú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi fi alùpùpù kékeré kan sílẹ̀ fún mi, Honda Z50R ti ọdún 1982. Ṣéènì rẹ̀ ń yọ lórí eyín irin tó ń yí i, bíréèkì ẹ̀yìn kò sì mú mọ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe? (Òǹkàwé yín, Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ṣéènì ni. Bó o bá fa táyà sẹ́yìn kí ṣéènì lè le, irin tó ti ẹsẹ̀ bíréèkì wá á bá a lọ. Bó bá jẹ́ bíréèkì lo kọ́kọ́ ṣe, wàá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Dẹ nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, má yọ ọ́ tán. Fi ìka gbé ṣéènì láàárín, nísàlẹ̀: kó máa rìn sókè sódò bíi mìlímítà 10 sí 20. Yí táyà díẹ̀díẹ̀ kó o tún wò ó, torí ṣéènì àtijọ́ kì í gbó dọ́gba. Ibi tó le jù lọ ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀tún àtòsì ọ̀pá táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà lórí àmì kan náà. Bí eyín bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ṣí ilé bíréèkì. Mo ṣí irú ẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó: gírísì ti mu ṣúù méjèèjì, ìyẹn ohun tó ń fún ilé bíréèkì kí táyà lè dúró, yó, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Irú ìyẹn ti kú, pẹtiróòlù kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Jọ̀ọ́, má fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀ o! Ṣúù àtijọ́ lè ní asbestos, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kó o fi nù ún.

Tó o bá dè é padà, fọwọ́ yí táyà: kó yí láìfà.