Ṣé òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí bàbá mi?

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìtàn ìdílé wa ni mò ń kọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú Bíbélì ilé wa pé ọjọ́ 12, oṣù October, 1948 ni wọ́n bí bàbá mi ní Òkèsà, Iléṣà. Mo fẹ́ mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣé ìwé ìròyìn àtijọ́ lè sọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. (Ọmọ Òkèsà)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìdílé. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tọ́jú ìwé ìròyìn nílé ìkàwé kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì mọ ibi tí òjò máa ń sá pamọ́ sí nínú wọn. Ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, béèrè Akéde Èkó, Daily Times, àti West African Pilot. Má wo ọjọ́ kan ṣoṣo, torí òjò àná ni ìwé ìròyìn òní ń sọ. Ka ìpolówó agbòjò àti páànù. Ka ibi tí wọ́n ti ní bọ́ọ̀lù ò ṣeé gbá mọ́. Ka lẹ́tà ẹni tó ń ráhùn pé mọ́tò òun rì sínú ẹrẹ̀. Rọra ṣí i o, etí ìwé yẹn ti gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òjò Èkó kì í sì í ṣe òjò Iléṣà. Etí òkun ni tiwọn; June ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní September òjò tiwa ṣì ń ya. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìwé ìdílé tí wọ́n ti ka òjò Èkó sí ọrùn baba wọn. Má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí October jẹ́ ní Iléṣà nìyí: arọ̀kúrọ̀, àti kòkó lórí ẹní níwájú ilé. Ìyá mi àgbà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un lẹ́bàá etí rẹ̀. Bó bá ń dún ṣaworo, ó ti gbẹ. Bí kùrukùru bá wá ṣú lójijì, gbogbo wa á sáré ká ẹní, aláboyún pàápàá. Kòkó tí òjò bá ká mọ́ ìta á bu, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ìyá náà kì í rántí ọjọ́ òjò, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí kòkó rẹ̀ bu tó gbàgbé.

Nítorí náà, má bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pé ṣé òjò rọ̀. Bi wọ́n pé, “Kòkó ọdún tí wọ́n bí bàbá mi ńkọ́, ṣé ó gbẹ dáadáa? Ta ló ká ẹní lọ́jọ́ tí ìyá wọn ń rọbí?” Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni kó o kọ́kọ́ lọ. Tó o bá ti gbọ́ tẹnu wọn, kó o wá wọ mọ́tò Ìbàdàn.