Nǹkan Oṣù Mi Kì Í Wá Déédéé, Ṣé Mo Ti Yàgàn Nìyẹn?

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, aránṣọ ni mí nítòsí ọjà Àtakúnmọ́sà ní Iléṣà. Nǹkan oṣù mi lè má wá fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá wá dé, ó lè dà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Irun ń hù lágbọ̀n mi, irorẹ́ kò kúrò lójú mi, mo sì ń sanra. Mo ṣe skáànù, wọ́n ní kókó kún ilé ẹyin mi, wọ́n kọ PCOS sínú ìwé. Màmá mi ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ. Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní oògùn tó ń já nǹkan oṣù wálẹ̀, mo sì ti lò ó. Ìgbéyàwó wa ku oṣù díẹ̀, n kò sì tíì sọ fún àfẹ́sọ́nà mi. Ṣé mo ti yàgàn nìyẹn? Ṣé kí n sọ fún un?”

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, o kò yàgàn. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn nítorí mo mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí o rí oorun sùn. PCOS ni àìsàn họ́mòònù tí kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin já déédéé, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in ló sì ti bímọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ lóyún láìrò tẹ́lẹ̀, nítorí ẹyin lè já wálẹ̀ lóṣù tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ṣùgbọ́n wo ohun kan nínú lẹ́tà rẹ: gbogbo ẹni tó ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ilé ọmọ ni wọ́n ń tọ́jú, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú ìwọ fúnra rẹ. Ara rẹ ni àìsàn yìí wà lónìí, ìbáà jẹ́ pé o fẹ́ bímọ tàbí o kò fẹ́. Nítorí ara rẹ ni mo ṣe fẹ́ kí o lọ rí dókítà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní kókó yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe fáíbúrọ́ìdì. Àpò ẹyin kéékèèké ni, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà tó sì dúró sójú kan, bí àgbàdo tó yọmọ tí kò gbó. Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú họ́mòònù tí ọkùnrin ní, àmọ́ tìrẹ pọ̀ jù. Òun ló ń dí ẹyin lọ́wọ́ láti já, òun náà ló ń hu irun lágbọ̀n. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní PCOS, ìnsúlínì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ara á wá máa ṣe púpọ̀ sí i, àpọ̀jù yẹn á sì tún máa ru ilé ẹyin sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o wá ṣiṣẹ́ abẹ kí wọ́n lè gé kókó wọ̀nyẹn kúrò, wá dókítà mìíràn. Má sì rò pé ìwọ nìkan ni. Nínú obìnrin 10 tó tó bímọ, ó tó ẹnì kan tó ní i, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò mọ̀. Àwọn kan nínú wọn ti wá ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ.

Skáànù nìkan kò tó láti fi dájọ́. Láti ọdún 2003 ni àwọn dókítà ti ń wá ohun méjì, ó kéré tán, nínú mẹ́ta: nǹkan oṣù tí kì í wá déédéé, àmì họ́mòònù ọkùnrin, àti ohun tí skáànù fi hàn. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ oyún wò, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ láti wo họ́mòònù táírọ́ìdì tó ń ti ọrùn wá àti họ́mòònù omi ọyàn, nítorí àwọn wọ̀nyẹn náà lè dá nǹkan oṣù dúró. Wesley Guild wà ní Iléṣà níbẹ̀, ara ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o rí dókítà àwọn obìnrin.

Èyí tó kàn yìí ni kí o fi sọ́kàn jù. Bí nǹkan oṣù kò bá wá, awọ inú ilé ọmọ á máa nípọn sí i láìrí ọ̀nà jáde. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Nítorí náà, bí ó bá ti lé ní 90 ọjọ́ tí o kò rí nǹkan oṣù, tí kò sì sí oyún, kò yẹ kí o jókòó máa wò ó. Dókítà lè fún ọ ní progesterone, oògùn họ́mòònù kan, fún bí ọjọ́ 10 sí 14 kó lè wá, tàbí kí ó fi ọ́ sórí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró tí yóò mú un wá lóṣooṣù. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ kí wọ́n tó fún ọ ní oníhóró yẹn, kí o sì sọ fún wọn bí orí bá máa ń fọ́ ọ tí ojú rẹ á máa rí ìmọ́lẹ̀ wìrìwìrì. Fi oògùn ọ̀rẹ́ rẹ sílẹ̀: a kò mọ ohun tó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni o kò yẹ oyún wò kí o tó lò ó. Ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà náà, ní kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ ti lọ sílẹ̀. Bí páàdì kan bá ń kún láàárín wákàtí kan, tí òmíràn tún ń kún tẹ̀ lé e, lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ wò pẹ̀lú, torí PCOS lè fa ìtọ̀ ṣúgà. Ti oúnjẹ ńkọ́? N kò ní sọ fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà pé kó má jẹ iyán mọ́. Dín òkèlè kù, jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ ju iyán lọ nínú àwo, kí o sì jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí o máa ń mu nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìjókòó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ, nítorí náà máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Bí ẹni tó wọn kìlógíráàmù 80 bá fi 4 péré sílẹ̀, nǹkan oṣù lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́. Fá irun àgbọ̀n rẹ bó bá ń dà ọ́ láàmú. Kì í jẹ́ kó nípọn sí i. Bí wọ́n bá fún ọ ní oògùn nítorí irun náà, ó máa ń gba bí oṣù mẹ́fà kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn.

Má bá màmá rẹ jà. Ìfẹ́ ló ń lé wọn. Ṣùgbọ́n má mu àgbo yẹn, nítorí ilé ọmọ rẹ kò dọ̀tí, kò sí ohun tí a fẹ́ fọ̀ níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ ló sì máa ru ẹrù ohun tó bá wà nínú rẹ̀. Wí fún wọn pé: “Màmi, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ rí dókítà.” Ìyá tí wọ́n bá mú dání kì í sábà ta kò ó.

Sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ, kó tó di pé ẹ ṣe ìdána, kó sì jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Má ṣe sọ pé “n kò lè bímọ”, irọ́ ni. Sọ pé ẹyin rẹ kì í já déédéé, pé ó ní ìtọ́jú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ọmọ, oògùn wà tó ń mú kí ẹyin já, letrozole ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò, ọjọ́ 5 péré lóṣù. Bí oyún kò bá sì tètè dé, kí òun náà lọ yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà. N kì í fara mọ́ kí a máa yẹ obìnrin nìkan wò. Bó bá sá lọ, yóò dùn ọ́ gan-an, n kò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbé oògùn pamọ́ sábẹ́ aṣọ nílé ọkọ, ìyà tirẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

PCOS tún máa ń kó ìbànújẹ́ àti àníyàn báni. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, tí iṣẹ́ kò wù ọ́ ṣe mọ́, sọ ìyẹn náà fún dókítà. Ara àìsàn náà ni.

Ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé tí o fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà. Kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó dá síbẹ̀, láti ìgbà tí o bá lè rántí. Mú un dání lọ, pẹ̀lú ìwé skáànù àti páálí oògùn ọ̀rẹ́ rẹ, kí wọ́n lè mọ ohun tí o ti gbé mì.