Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọ̀nà Wo Ni A Fi Ń Ṣe Kitsune Nínú Eré?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan ní ìlú Manchester tó máa ń ṣe eré tí wọ́n ń pè ní LARP, níbi tí oníkálukú ti ń gbé ìwà ẹ̀dá ìtàn kan wọ̀ nínú igbó láti òwúrọ̀ di alẹ́, láìsí ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti há sórí. Wọ́n ní kí n ṣe kitsune, ìyẹn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ abàmì inú ìtàn àwọn ará Jàpáànù. Wọ́n ti fún mi ní ìrù mẹ́sàn-án àti idà onífóòmù, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ pé bí ẹ̀dá náà ṣe rí nìyẹn. — Òǹkàwé yín, Manchester.

ÌDÁHÙN: Ẹ dá idà náà padà fún wọn, kí ẹ sì yọ mẹ́jọ kúrò nínú ìrù yẹn. Bí kitsune bá ṣe ń dàgbà ni ìrù rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹni tó bá sì ti ní mẹ́sàn-án ti di àgbà tí kì í bá ọmọ ogun wọ̀yá ìjà ní gbangba. Tamamo-no-Mae, tó lókìkí jù nínú àwọn onírù mẹ́sàn-án, kò mú ohun ìjà lọ́wọ́ nígbà tó wọ ààfin Ọba Toba. Ẹwà àti ìmọ̀ ló fi wọlé, àìsàn tó kọlu ọba ló sì mú kí wọ́n fura sí i. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n pa á ní Nasu, ó di òkúta. Òkúta tí wọ́n ń tọ́ka sí náà là sí méjì ní oṣù kẹta ọdún 2022, ẹ sì lè fojú inú wo ohun tí àwọn ènìyàn sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìparadà ni iṣẹ́ kitsune, nítorí náà ènìyàn ni kí ẹ ṣe: opó tó ṣìnà, tàbí àlùfáà arìnrìn-àjò. Nínú kyōgen, eré apanilẹ́rìn-ín àtayébáyé ti ilẹ̀ Jàpáànù, wọ́n máa ń sọ pé ọ̀bọ ni òṣèré fi ń bẹ̀rẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ó sì fi ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nínú eré kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ọ̀hún, arúgbó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan paradà di àlùfáà, ó sì bẹ ọdẹ títí ọdẹ fi gbà láti ju pańpẹ́ rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ṣe ń padà lọ sílé, òórùn oúnjẹ inú pańpẹ́ náà kò jẹ́ kí ó lè kọjá. Aṣọ àlùfáà ni òṣèré wọ̀ lé aṣọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lórí, ìṣòro rẹ̀ sì ni pé ẹranko gbọ́dọ̀ máa yọ lára àlùfáà díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe gan-an nìyí.

Ẹ bá àwọn aṣètò fi ẹnu kò ṣáájú lórí ohun tí yóò tú yín fó. Ajá kì í gba irọ́ kitsune, bí ó bá ti gbó, sísá ló kù. Òjìji inú omi máa ń fi ara tòótọ́ hàn, ìrù sì máa ń yọ lábẹ́ aṣọ. Tófù díndín ni wọ́n gbà pé kitsune fẹ́ràn jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe nudù tí a gbé e lé lórí ní kitsune udon. Ó tún máa ń ní ẹ̀yọ bọ́ọ̀lù kékeré kan tó ń tàn, tí apá kan agbára rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jí i lè bá a dúnàádúrà. Irú nǹkan wọ̀nyí ń fún àwọn tó kù ní iṣẹ́ tó ju kí wọ́n kàn máa lù yín lọ.

Ẹ má sì rò pé ìkà nìkan ni. Kitsune kan tó ń jẹ́ Kuzunoha fẹ́ ọkùnrin tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ọdẹ, ìtàn sì sọ pé òun ló bí Abe no Seimei, awòràwọ̀ ààfin tó gbé ayé lóòótọ́ láti ọdún 921 sí 1005. Nígbà tí ọmọ rí ìrísí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá náà fi ewì sílẹ̀, ó sì padà sínú igbó. Àwa tí a gbọ́ ìtàn Ọya àti awọ ẹfọ̀n mọ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àmọ́ Kuzunoha kò ní awọ tí ẹnikẹ́ni lè gbé pamọ́.

Ohun kan ni n ó kìlọ̀ fún yín. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun jẹ́ ìránṣẹ́ Inari, òrìṣà ìrẹsì àti òwò, tí wọ́n ti ń bọ ní Fushimi ní ìlú Kyoto láti ọdún 711, tí wọ́n ṣì ń bọ lónìí. Ẹ fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Nogitsune, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú ìgbẹ́ tí kò sin òrìṣà kankan, ni kí ẹ ṣe. Ní ti ìbòjú, èyí tó dé imú nìkan ni kí ẹ lò kí ẹ lè ríran lóru, kí ẹ sì fi iná onítọ́ọ̀ṣì kékeré ṣe kitsunebi, iná kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní gbà kí ẹ dáná nínú igbó.